Omi Tó Ń Ṣàn Lẹ́yìn Ògiri

Ilé méjì tó fara ti ara wọn ni ilé tí à ń gbé ní Scarborough, lókè òkun. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin àwa àti ìyá òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí èèyàn bá rìn dé ìparí àdúgbò wa, ilẹ̀ á kàn dédé tán, á di bèbè gíga kan tó funfun bí ẹfun, adágún omi á sì tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ rẹ̀ bí òkun. Nígbà tí màmá mi dé láti Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ. Wọ́n bi mí bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ní rárá, òun gan-an là ń mu nínú ilé. Wọ́n wo omi yẹn títí.

Ìyá òyìnbó yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí àwa tó kó dé àdúgbò náà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ń gbé ní ìlú tó jìnnà gan-an, tó jẹ́ pé bàálù ló máa ń wọ̀ wá kí i. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ọkọ mi bá ń kó yìnyín kúrò níwájú ilé wa, á kó ti ìyá náà mọ́ ọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun náà á gbé tòmátì inú ọgbà rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn wa nínú abọ́ ike. Ká kí ara wa, ká béèrè àlàáfíà, bó ṣe mọ nìyẹn.

Màmá mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa jinlẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí oòrùn bá ti yọ, àwọn méjèèjì á jókòó síta, oníkálukú lórí àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀. Ọ̀kan ń sọ Yorùbá, ọ̀kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo bi màmá mi lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n jọ ń sọ.

"Orúnkún," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Orúnkún ń dun àwa méjèèjì."

Nígbà tó di àárín ọ̀gìnnìtìn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọmọ lórúkọ ní Weston, ní òdìkejì ìlú. Gbogbo wa lọ láti Sátidé. Yìnyín já púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn, a sì sùn síbẹ̀. Sọ́ńdè tí ilẹ̀ ti ń ṣú ni a padà délé, ó ti rẹ gbogbo wa, a wọlé, a sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń ṣiṣẹ́ látilé. Markham ni ọ́fíìsì wa wà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí á má wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọkọ mi ti lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, torí iṣẹ́ wáyà iná ló ń ṣe. Ọmọ wa ti lọ sílé ìwé. Mo ti tan kọ̀ǹpútà mi nídìí tábìlì ilé ìdáná nígbà tí màmá mi sọ̀kalẹ̀ wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá fún ìrun wòlúhà, ẹsẹ̀ wọn ṣì tutù.

"Omi kan ń ṣàn nínú ògiri yín," ni wọ́n wí.

Mo tẹ̀lé wọn gòkè lọ sí balùwẹ̀. Mo fi etí lé ògiri. Lóòótọ́ ni, omi ń dún, ó ń dún ṣàà láìdáwọ́ dúró, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù lókèèrè.

"Bóyá ìyá yẹn ń wẹ̀," ni mo sọ.

"Láti ìgbà ìrun àsùbáà?" ni màmá mi wí. "Mo ti gbọ́ ọ nígbà yẹn. Mo rò pé bí ilé yín ṣe máa ń dún ni."

Mi ò tíì dá wọn lóhùn tí aago ẹnu ọ̀nà fi dún.

Ọkùnrin kan tó ti ń hu ewú ló dúró síta, nínú kóòtù aláwọ̀ ọsàn tó nípọn, tí ìlà dídán wà lára rẹ̀. Ó gbé irin gígùn kan dání. Ó fi káàdì àyà rẹ̀ hàn mí, ó ní láti ilé iṣẹ́ omi lòun ti wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, kò sí ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbé irin wá sẹ́nu ọ̀nà wa tí kì í ṣe pé ó wá gé nǹkan. Àwọn oníná wá gé iná. Àwọn olómi náà wá gé omi nígbà kan, lẹ́yìn tí omi ọ̀hún ti dáwọ́ yíyọ tipẹ́, tí ìyá mi ti ń sá aṣọ sórí ẹ̀rọ. Mo gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́yìn mi.

"Kí la ṣe?"

Ọkùnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó rí ẹ̀rù lójú wa.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, mà," ó sọ fún mi. "Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín ni. Omi ilé rẹ̀ ń ṣàn láìsinmi láti alẹ́ Sátidé. A pè é lórí fóònù, kò gbé e. Mo ti kanlẹ̀kùn títí, kò dáhùn. Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?"

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé omi ń ṣàn nínú ilé ẹni. Ó ní mítà tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan máa ń fi iye omi tí wọ́n lò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kò sí ilé tí omi rẹ̀ kì í sinmi, kódà bí èèyàn ibẹ̀ bá pọ̀, wọ́n á ṣáà sùn. Ilé tí omi rẹ̀ ò bá sinmi rárá, kọ̀ǹpútà á sàmì sí i, ẹnìkan á sì wá wò ó. Páìpù ló sábà máa ń jẹ́, tí òtútù bẹ́.

Ó wá nawọ́ sí iwájú ilé ìyá náà. Yìnyín Sátidé ṣì wà lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ bó ṣe já gẹ́lẹ́. Yàtọ̀ sí ipa bàtà ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé sí wa lára, mi ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n pa ilẹ̀kùn dé. Mo sọ fún un pé màmá mi ń gbọ́ omi lára ògiri. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó tẹ̀lé wa gòkè. Ó fi etí lé ògiri. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

"Kò jọ páìpù tó bẹ́," ó wí. "Ó jọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí sílẹ̀."

Màmá mi bi mí pé kí ló sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ògiri, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, gbá, gbá, gbá, bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn lọ. A fetí sílẹ̀. Omi ń dún. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀ ògiri, nítòsí ilẹ̀, kò le rárá: kò, kò.

Ọkùnrin náà ti ń yọ fóònù láti pe àwọn panápaná. Màmá mi jókòó sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, wọ́n gbé ẹnu sún mọ́ ibi tí ohùn ti wá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún ìyá òyìnbó lédè Yorùbá pé kó ní sùúrù, pé èèyàn ti ń bọ̀, pé kó má sùn.

Kò pẹ́ tí àwọn panápaná fi dé, wọ́n sì fi irin já ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan nínú wọn béèrè bóyá a rí ẹni tó mọ ìyá náà dáadáa, kó má baà jẹ́ pé ojú àjèjì nìkan ló máa rí. Mo ní èmi. Lẹ́yìn tí mo sọ bẹ́ẹ̀ ni mo rí i pé mi ò tíì wọ inú ilé yẹn rí.

Balùwẹ̀ rẹ̀ bá tiwa dọ́gba, bí ìgbà tí èèyàn bá wo dígí. Ó wà nílẹ̀ láàrin ọpọ́n ìwẹ̀ àti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí sí ibi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ yí sí. Aṣọ ìnura kan bò ó láyà. Búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi kan ògiri dá wa lóhùn. Omi ń tú jáde láti ẹnu ẹ̀rọ sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ó ń gba ojú ihò lọ. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ omi na ọwọ́ kọjá lórí wa, ó ti ẹ̀rọ náà. Ilé parọ́rọ́.

Ojú ìyá náà là sílẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó wo kóòtù aláwọ̀ ọsàn yẹn láti òkè délẹ̀, ó sì sọ fún ọkùnrin náà pé:

"O pẹ́ díẹ̀."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni."

"Mo mọ̀," ìyá náà wí.

Mo rò pé iyè rẹ̀ ti fò ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe àdéhùn.

Lẹ́yìn tí áńbúláǹsì gbé e lọ, ọkùnrin náà ò lè wakọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kàn jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Màmá mi fi dandan lé e pé kó wọlé, wọ́n po tíì fún un, wọ́n sì da mílíìkì kún un bíi ti Ìbàdàn. Ó mu ún. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ti bá páìpù tó bẹ́, òun ti bá ilé tí omi kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun ò bá èèyàn rí. Ó wí bẹ́ẹ̀, ó tún un wí. Nígbà tó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi, ó sì fọwọ́ kan etí rẹ̀ láti fi ohun tó ń dúpẹ́ fún hàn wọ́n.

Ọmọ mi dé láti ilé ìwé, ó rí pákó tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà ìyá náà.

"Did she die?" ló bi mí.

"Kò kú," mo wí. "Wọ́n rí i lásìkò."

"Who found her?"

Ẹnu mi ò lè sọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ omi ni.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá náà ní ìbàdí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ bàálù wá. Nígbà tí wọ́n gbà kí èèyàn wá kí i, màmá mi se ògì, wọ́n dà á sínú fíláàsì, a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn. Ìyá náà ti jókòó, wọ́n ti ya irun rẹ̀. Ó mu ògì náà díẹ̀díẹ̀, ó ní ó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i pé kíkan rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wa, èmi ń túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi.

Ó ní nígbà tí òun ń jáde nínú ọpọ́n ìwẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni ẹsẹ̀ òun yọ̀. Òun gbọ́ bí egungun ṣe dún. Fóònù wà nísàlẹ̀. Òun kígbe, òun gbá ògiri wa, kò sẹ́ni tó dáhùn, òun sì rántí pé òun rí wa tí à ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni ọwọ́ òun tó. Ẹ̀rọ ọpọ́n ìwẹ̀ òun, èyí tó ní ọwọ́ gígùn kan ni, bí wọ́n bá ti gbé e sókè omi á yọ. Òun fi búrọ́ọ̀ṣì ti ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ariwo omi yẹn ni kò jẹ́ kí òun gbọ́ nígbà tí a padà dé.

"Kí ẹ lè rí omi mu," mo wí.

"Ìyẹn wá lẹ́yìn," ó wí. "Mo máa ń ju aṣọ ìnura sínú omi, màá fà á padà, màá fún un sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ṣí i kọ́ nìyẹn. Mo ṣí i kí wọ́n lè rí i lọ́fíìsì ni."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ń wo ilẹ̀.

Ó ní ìlú kékeré etí omi ni àdúgbò wa jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ìlú ńlá tó gbé e mì. Ìlú náà ní ilé iṣẹ́ omi àti iná tirẹ̀. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n ń dìbò yan àwọn tó ń darí rẹ̀, bí oṣù bá sì pé, wọ́n á jókòó nídìí tábìlì kan nínú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni ló lè wá bá wọn jà pé iná òpópónà òun ti kú, tàbí pé omi òun pọ́n. Ọ́fíìsì yẹn lòun ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí òun wà lọ́mọge títí tí wọ́n fi tì í pa. Òun ló ń gbé fóònù, òun ló sì ń wo iye tí àwọn tó ń lọ ka mítà láti ilé dé ilé bá mú bọ̀.

Ó ní nígbà kan, òun rí i pé ilé baba kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ò lo omi rárá. Òun ní kí ẹni tó ń ka mítà padà lọ wò ó. Wọ́n bá baba náà lórí ibùsùn, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, kò lè dìde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi í ṣe òfin pé bí omi ilé kan bá yí padà láìnídìí, ìbáà pọ̀ jù, ìbáà kéré jù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ fojú rí i. Nígbà tí ìlú ńlá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, òun wà lára àwọn tó jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó wá gbà á, tí wọ́n kọ́ wọn.

"Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wò ó lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ó wí. "Mọ́ńdè ni wọ́n á rí i. Torí náà mo sùn."

"Ẹ sùn?"

"Nígbà tí ìrora bá gbà mí láyè."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n gbé ìdérí fíláàsì tí wọ́n dì mú sílẹ̀. Wọ́n wo ojú ìyá náà bí wọ́n ṣe wo adágún lọ́jọ́ kìíní. "Ó fi omi ránṣẹ́," ni wọ́n wí fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó fi omi ránṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ iṣẹ́ náà."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pe àbúrò wọn ní Ìbàdàn, wọ́n fi fóònù sí gbangba kí èmi náà lè gbọ́. Wọ́n ròyìn gbogbo rẹ̀. Àǹtí mi fara balẹ̀ gbọ́ títí tó fi dé ibi tí òṣìṣẹ́ omi kanlẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ẹ dákun. Ta ló pè é?"

"Kò sẹ́ni tó pè é."

"Òun nìkan ló dédé dìde láti ọ́fíìsì?"

"Mo ní ẹ̀rọ ló sọ fún wọn."

"Irú ìtàn yìí, ẹ má sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí tí ẹ bá dé o," ni àǹtí mi wí. "Wọ́n á ní òtútù ti wọ̀ yín lórí."

Inú bí màmá mi. Wọ́n pa fóònù. Wọ́n ní kí n pe àǹtí mi padà kí n sọ fún un pé ojú mi ló ṣe. Mo pè é. Ó gbà fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ láti inú ohùn rẹ̀ pé ó kàn gbà ni. Mi ò bínú sí i. Èmi tí mo dúró nínú balùwẹ̀ yẹn, mo ṣì máa ń gòkè lọ nígbà mìíràn, màá fọwọ́ kan ògiri, màá béèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá lóòótọ́ ló ṣẹlẹ̀.

Ìyá náà padà sílé nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń rìn. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kọ̀. Àríyànjiyàn wọn ń gba inú ògiri wọlé sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó yá ni wọ́n gbà pé kó lo ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i nínú ilé rẹ̀, kó wá lọ kí òtútù tó dé. Màmá mi náà fẹ́ padà sí Ìbàdàn lásìkò kan náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ìyá náà ní òun fẹ́ fi nǹkan kan hàn wá. Ọkọ mi wà wá lọ sí etí omi nísàlẹ̀ bèbè. Ilé bíríkì pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fa omi adágún wà láyé ìgbà tiwọn. Bí yìnyín bá dí ẹnu páìpù nínú adágún, gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa ń bọ́ síta, títí kan òun tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ fóònù gbígbé, wọ́n á máa gbé omi kiri ilé àwọn arúgbó nínú ọkọ̀ ẹrù. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Màmá mi ti ń ro nǹkan kan tipẹ́. Wọ́n fọwọ́ kàn mí.

"Bá mi bi í," ni wọ́n wí. "Tí wọn ò bá wá ńkọ́?"

Mo bi í. Ìyá náà yíjú sí màmá mi, ó wò wọ́n bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé.

"Mi ò rò ó rí," ó wí.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá mi mi orí. Wọ́n ní kí n tún un bi í, bóyá mi ò túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo tún un bi í, mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó fi yéni tó: nígbà tí ẹ wà nílẹ̀ yẹn, tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ilẹ̀ ń mọ́, ṣé kò wá sí yín lọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má wá?

"Rárá," ó wí, ó sì nawọ́ sí ẹyẹ funfun kan tó bà lé orí omi, kí màmá mi lè wò ó.